Ọjọ́ Tó Wà Lábẹ́ Nọ́mbà 865

Mo mọ iṣẹ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti di ẹni tí ń dorí kodò rìn. Ní ọdún 1974, láti Ẹrúwà títí dé Ayétẹ̀, èmi Hàlímọ̀ Láwàl nìkan ni obìnrin tó lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó sì ṣe é. Ọkùnrin tó lè ṣe díẹ̀ níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Láńrewájú lorúkọ rẹ̀, a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, ìdajì ohun tó mọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti kọ́ ọ.

Ọ́fíìsì Ìwé Oko ni wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ wa. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, ní Ìgbó-Ọrà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìdèrè. Iṣẹ́ náà kò le. Àgbẹ̀ á wá sọ ibi tí oko rẹ̀ wà, Láńrewájú á lọ wọ̀n ọ́n, a ó sì fi ẹ̀rọ kan lu ohun tó bá wọ̀n sórí káàdì. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, a ó di àwọn káàdì sínú páálí, a ó fi rán mọ́tò Ìbàdàn, níbi tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà nínú yàrá tútù kan. Kọ̀ǹpútà á kó gbogbo rẹ̀ pamọ́, oko kan, fáìlì kan, á sì tẹ ìwé jáde fún wa. Ìwé yẹn ni àwọn oníkatakata ń tẹ̀lé. Bí ìwé bá ní éékà márùn-ún ni oko rẹ, éékà márùn-ún ni wọn ó ro fún ọ. O lè dọ̀bálẹ̀, o lè sunkún, wọn ò ní fi ẹsẹ̀ bàtà kan lé e.

Èmi ni mo máa ń jókòó nídìí ẹ̀rọ tí ń lu káàdì ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Láńrewájú ló ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ tí kì í bá ṣe tirẹ̀, inú oko ló ń wà pẹ̀lú okùn ìwọ̀n rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, ilẹ̀kùn wa kì í ṣí.

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú nípa ẹ̀rọ náà. Nígbàkígbà tí a bá yí fáìlì kan padà, aago inú rẹ̀ á fi nọ́mbà ọjọ́ náà sára káàdì fúnra rẹ̀. Kì í kọ déètì bí ọmọ ènìyàn. Ọjọ́ ló ń kà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1972 lọ, kò dúró, kò sinmi. Bí o bá wá fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan ìwé oko bàbá rẹ kẹ́yìn, ohun tí o máa bá níbẹ̀ ni 744, tàbí 810. Ọdún méjì ni gbogbo wa fi ń wo nọ́mbà yẹn bí ẹni ń wo ògiri. Kò sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, títí di ọjọ́ tí Bàbá Akínladé dé.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Àgbẹ̀ ará Ìdèrè ni Bàbá Akínladé, ọkùnrin gíga, àgbà tí kì í pariwo. Lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ta ló jí oko mi nínú ìwé yín?" ló wí, kò tilẹ̀ dúró gba ìkíni wa. "Éékà méjìlá ni mo ní. Ọmọkùnrin yìí gan-an ló wọ̀n ọ́n." Ó nawọ́ sí Láńrewájú. "Katakata dé, ó ro éékà méjì, ó yí padà. Wọ́n ní bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Òjò ń rọ̀, mi ò sì tíì fi kóró àgbàdo kan sílẹ̀!"

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì, jáde láti inú yàrá rẹ̀. Ará Iléṣà ni, ẹni tó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó sì rí i pé lóòótọ́ ni. Akínladé, Ìdèrè, éékà méjì. Ọjọ́ tí wọ́n yí i padà kẹ́yìn: 865. Ó yẹ fáìlì onípépà Bàbá wò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò rí ìwé kankan tó ní kí wọ́n dín oko náà kù. Ẹnì kan ti yí i padà láìgba àṣẹ nìyẹn.

"865 yìí," ni ọ̀gá wí, "ọjọ́ wo ló jẹ́?"

Kò sí ẹni tó mọ̀. Láńrewájú wo ilẹ̀. Èmi ni mo lanu.

"Ẹ fún mi ní àyè díẹ̀, sà. Màá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún yín. Kì í ṣe ti Bàbá nìkan o, gbogbo oko pátá. Ó máa sọ ọjọ́, ó máa sọ oṣù, ó máa sọ ọdún, ní èdè Yorùbá."

Bírò àti pépà tó láti ṣírò ẹyọ kan, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oko tó wà lọ́wọ́ wa lé ní ẹgbẹ̀rún. Ta ló máa jókòó tì í? Ìgbà tí wọ́n rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n kọ́ wa ní èdè kékeré kan tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, àṣẹ kan, káàdì kan, ní títẹ̀léra. Àwọn yòókù kọ́ ọ nítorí ìdánwò. Èmi kọ́ ọ nítorí pé ó dùn mọ́ mi.

Mo jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kọ ọ́. Mú nọ́mbà ọjọ́. Bí ó bá ju 366 lọ, yọ 366 kúrò, kí o bọ́ sí ọdún 1973. Bí ó bá ṣì ju 365 lọ, yọ ìyẹn náà, kí o bọ́ sí 1974. Yọ 31 fún oṣù kìíní, yọ 28 fún oṣù kejì, máa yọ ọ́ lọ títí tí kò fi ní ṣeé yọ mọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ọjọ́ inú oṣù. Lẹ́yìn náà, fi méje pín nọ́mbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọdún 1972 bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ó bá ṣẹ́ ku ọ̀kan, Àbámẹ́ta ni, bí ó bá ṣẹ́ ku méjì, Àìkú ni. Káàdì mẹ́tàdínlógún péré ni gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Mo di í mọ́ káàdì oko Ìdèrè, mo sì fi rán mọ́tò.

Èsì dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Bàbá Akínladé wà níbẹ̀ nígbà tí mo tú u. Òun náà mọ̀wé díẹ̀, ó tẹ orí bọ̀ ọ́, ó sì kà á fúnra rẹ̀, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ kẹrìnlá. Oṣù karùn-ún. 1974." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀rọ ló sọ èyí?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá," mo wí. Orí mi wú. Kí n má purọ́, mo ń retí kí wọ́n yìn mí, ọ̀gá sì yìn mí lóòótọ́. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn fún ọdún méjì kò tó iṣẹ́ ọ̀sán kan tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Láńrewájú ni. Ohun tó tún wá bà á jẹ́ pátápátá ni pé ọmọ ilé Adéṣọlá ni ìyàwó rẹ̀, Adétóyìn. Ilé Adéṣọlá ló ni oko tó bá ti Akínladé pààlà, ìjà ààlà náà sì ti pé ọdún mẹ́wàá. Bàbá Akínladé kò pariwo mọ́. Ó kàn ní, "Àwọn àna ẹ ló rán ọ."

"Mi ò ṣe é, Bàbá," ni Láńrewájú wí. "Mo fi Ọlọ́run búra. Káàdì tí mo lù lọ́jọ́ yẹn kò ju mẹ́rin lọ, kò sí ti yín níbẹ̀."

"Bọ̀dá Láńre," mo dá sí i, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó gbé mi débẹ̀, "ṣé ẹ̀rọ wá ń purọ́ mọ́ yín ni? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ó hàn gbangba."

Ó wò mí. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

Ọ̀gá ní kí ó lọ jókòó sílé. Ó ní àwọn ọ̀gá méjì ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, iwájú wọn ni yóò ti sọ tẹnu rẹ̀. Bí kò bá ní àlàyé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ọlọ́pàá ló sì máa gba ìyókù. Láńrewájú mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde. Mo gbà pé òun ló ṣe é. Mi ò ní sọ pé ọkàn kan ń sọ fún mi pé bóyá kì í ṣe òun. Kò sí ọkàn kankan tó sọ nǹkan kan fún mi.

Ọ̀gá ti wá rí i pé iṣẹ́ mi dára, ó ní kí n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo ìlú bẹ́ẹ̀, kí àwọn àlejò Ìbàdàn lè bá a lórí tábìlì. Mo fi àwọn káàdì ránṣẹ́. Ìwé náà dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ku ọ̀la tí wọ́n máa dé. Ó nípọn tó bùlọ́ọ̀kù. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, mo ń gbádùn rẹ̀, Tápà, Ayétẹ̀, Ẹrúwà, gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́, ní oṣù, ní ọdún. Mo ti dé ojú ìwé kẹfà kí n tó ṣàkíyèsí pé ọjọ́ Àìkú ti ń pọ̀ jù. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Àìkú. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú? Ṣọ́ọ̀ṣì ni Láńrewájú ń wà láti àárọ̀ di ọ̀sán. Èmi kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì kì í sí lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ yẹn.

Mo wá ọjọ́ Ẹtì. Mo ṣí ìwé náà síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Èmi tí mo máa ń lu ogún, ọgbọ̀n káàdì ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kí n tó lọ kírun Jímọ̀, kò sí ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé náà.

Inú bí mi. Mo ní àwọn ará Ìbàdàn ti da káàdì mi rú, wọ́n ti tò ó lódìlódì. Bí mo ṣe rí nìyẹn nígbà náà. Bí nǹkan bá wọ́, ẹlòmíràn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Mo yọ ojú ìwé méjì, mo ká a sínú àpò mi, mo lọ sílé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Wàhábì ti bímọ lánàá ọjọ́ náà, inú ilé kún fún ìró. Màmá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń yan iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn.

"Hàlímọ̀, ìwọ lo máa lọ Ẹrúwà lọ ra aṣọ ọmọ. Má pẹ́ o. Ìkómọ ti dé tán."

"Màmá, ọjọ́ wo gan-an ni?"

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ń kó ọmọ? Ọjọ́ kẹjọ náà ni." Ó na ìka rẹ̀ sókè, ó ń kà á fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. "Ọjọ́rú tí a bí i, ení. Ọjọ́bọ̀ òní, èjì. Jímọ̀, ẹ̀ta. Sátidé, ẹ̀rin. Sọ́ńdè, àrún. Mọ́ńdè, ẹ̀fà. Túsìdeè, èje. Ọjọ́rú, ẹ̀jọ. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni."

Mo ti gbọ́ irú kíkà yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni ení. Bẹ́ẹ̀ la ń ka ìkómọ, bẹ́ẹ̀ la ń ka ọjọ́ ọjà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ pé ìjẹta nígbà tí òru méjì péré ló wà láàárín. Àmọ́ ìka Màmá tó dúró lórí ení yẹn ni mo tẹjú mọ́. Láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́rú, ẹ̀rọ kò ní sọ pé ẹ̀jọ. Ẹ̀rọ máa ní èje. Ọjọ́ tí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kì í kà á sí nǹkan kan. Òdo ló ń pè é. Mo rántí pé wọ́n sọ ọ́ fún wa ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kejì ẹ̀kọ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó wá kan kí n ṣe é fúnra mi, èmi tí mo gbọ́n jù, mo fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1972 ṣe ení, bí ọmọ ìyá mi.

Gbogbo déètì inú ìwé mi ló fi ọjọ́ kan ṣíwájú òtítọ́. Ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ẹtì di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́rú di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Bàbá Akínladé fi ẹnu ara rẹ̀ kà, Ọjọ́rú ni. Èmi ni mo ni Ọjọ́rú.

"Kí ló dé?" ni Màmá bi mí. "Ojú ẹ ti yí padà."

"Kò sí, Màmá. Màá lọ sí Ẹrúwà."

Mi ò sùn dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó mú, mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọdẹ, mo ti wà nídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí ohun tí mo rántí nípa Bàbá Akínladé ti Ìdèrè ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n Akínladé mìíràn wà lọ́dọ̀ wa, ti Tápà. Mo fa fáìlì rẹ̀ yọ. Ìwé kan wà lókè pátápátá, ọwọ́ mi ló kọ ọ́: Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún. Ọkùnrin náà ti pín oko rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí a fi éékà méjì sílẹ̀ lórúkọ òun. Mo wo ìwé kọ̀ǹpútà. Akínladé ti Tápà, éékà mẹ́sàn-án, bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ó yé mi tán. Mo máa ń yangàn pé èmi kì í wo pépà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rí Akínladé, mi ò wo ìlú, mo fi éékà méjì ará Tápà lé ará Ìdèrè lórí. Láńrewájú kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo jókòó sórí àga fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Mo rò ó pé bí mo bá dá fáìlì yìí padà sí àyè rẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣí i láéláé. Èmi nìkan ló lè ka káàdì mẹ́tàdínlógún yẹn ní gbogbo Ìbàràpá. Ohun tí mo bá sọ pé ó sọ ni gbogbo ayé máa gbà. Ìgbà tí mo rò ó débẹ̀ ni inú bí mi sí ara mi. Kí ni mo wá kọ́ iṣẹ́ fún? Èmi tí mo ní màá jẹ́ kí ìwé sọ̀rọ̀ kó yé gbogbo ènìyàn, ṣé irọ́ ló máa wá máa sọ, tí èmi á sì máa wò ó?

Nígbà tí wọ́n péjọ ní agogo mẹ́wàá, mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ọ̀gá méjì láti Ìbàdàn wà níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì, Bàbá Akínladé, àti Láńrewájú tó jókòó sí igun, tó ti rù. Mo jáde, mo tan jẹnẹrétọ̀. Mo padà wọlé, mo ki káàdì òfìfo kan bọ inú ẹ̀rọ, mo lù ú, mo sì fà á yọ.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́," mo wí, "òní ọjọ́ wo?"

Wọ́n wò mí bí ẹni orí ń yí. "Ọjọ́ Ẹtì," ni Bàbá Akínladé wí. "Ṣé o ò fẹ́ kírun ni?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni lóòótọ́, Bàbá. Nọ́mbà tí ẹ̀rọ fún òní rèé: 902." Mo kọ ọ́ sára pátákó, mo ń yọ ọ́ bí mo ṣe pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà máa yọ ọ́, 366, 365, oṣù kan tẹ̀lé oṣù kan, títí ó fi ku ogún. "Bí a bá tẹ̀lé àṣẹ tí mo kọ, òní jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́. Ṣé Ọjọ́bọ̀ ni òní?"

Mo ṣí ìwé ńlá náà, mo fi gbogbo ọjọ́ Àìkú inú rẹ̀ hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n bá mi wá ọjọ́ Ẹtì ẹyọ kan. Mo ṣàlàyé pé bí a ṣe ń ka ìkómọ ni mo ka ọjọ́, ẹ̀rọ kò sì kà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará Ìbàdàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì kò rẹ́rìn-ín.

"865 wá di ọjọ́ wo?" ló béèrè.

"Ọjọ́rú, sà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún."

"Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ?"

"Èmi ni." Mo gbé fáìlì Tápà lé iwájú rẹ̀. "Ìwé tó ní kí n dín oko kù rèé. Akínladé ti Tápà ló ni ín. Èmi ni mo fi lu káàdì Bàbá. Bọ̀dá Láńrewájú kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀."

Ọ̀gá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún mi ní kúẹ́rì lójú ẹsẹ̀, mo sì gbà á, ó tọ́ sí mi. Ó ní kí katakata padà sí Ìdèrè ní ọjọ́ kejì. Bàbá Akínladé dìde, ó lọ bá Láńrewájú níbi tó jókòó sí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Ọmọ mi, mo ṣì ọ́ pè." Láńrewájú dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àmọ́ bí àwọn yòókù ṣe jáde, Láńrewájú dúró.

"Ẹ dákun, Bọ̀dá Láńre," mo wí. "Ẹ má bínú sí mi."

"Ìyàwó mi ti gba ìwé ẹ gbọ́," ló wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Nígbà tó jẹ́ nọ́mbà lásán, tí mo ní mi ò ṣe nǹkan kan, ó ní òun mọ̀ pé mi ò lè ṣe é. Nígbà tí Bàbá Akínladé wá mú ojú ìwé yẹn dé ilé wọn, tó kà á sí wọn létí, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá, gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pe bàbá rẹ̀ ní olè oko. Ó ní èmi ni mo kó ẹ̀gàn bá wọn. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀, kò dáná fún mi. Ohun tí mo bá sọ fún un báyìí, ẹnu lásán ni. Ìwé ló gbà gbọ́."

Mo kàn sọ fún un pé kí ó máa retí mi ní ọjọ́ Ajé.

Mi ò fi káàdì rán mọ́tò lọ́tẹ̀ yìí. Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Ajé ni mo fúnra mi wọ mọ́tò lọ Ìbàdàn. Káàdì kan ni mo fi kún mẹ́tàdínlógún yẹn, iwájú gbogbo wọn ni mo sì fi í sí: fi ọ̀kan kún nọ́mbà ọjọ́ kí o tó ṣe ohunkóhun. Mo tún fi àṣẹ díẹ̀ sẹ́yìn, pé lẹ́yìn ọjọ́, kí ó tẹ orúkọ ẹni tó ni ọjọ́ náà nídìí ẹ̀rọ. Mo dúró títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tán. Ọjọ́ Ẹtì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ilé Láńrewájú. Adétóyìn ń rán aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láńrewájú wà lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ ìró àdá rẹ̀ níbi tó ti ń la igi. Mo kúnlẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀.

"Màmá Rẹ̀mí, ẹ ká a fúnra yín," mo wí, mo sì nà án sí i.

Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà náà. Ó ń ka ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Akínladé, Ìdèrè. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù karùn-ún, 1974." Ìka rẹ̀ sún síwájú. "Hàlímọ̀ Láwàl."

Ó gbójú sókè. "Ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ti àkọ́kọ́ ńkọ́, tó ní Bàbá Rẹ̀mí ni? Ta ló kọ ìyẹn?"

"Èmi náà ni."

Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Kò bú mi. Ó ká ìwé náà, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi aṣọ tó ń rán nu ojú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa bọ̀ nínú ilé. Kí ni kí n sè fún yín?"

Ìró àdá dáwọ́ dúró. Àwa méjèèjì ń wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Mo bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kí ó dáhùn.

"Ohunkóhun tí o bá sè," ló wí níkẹyìn, "màá jẹ ẹ́."